Ọdún Tí Mo Gbọ́ Èdè Gíríìkì

Ìsàlẹ̀ ilé Yàyá Sofía là ń gbé lọ́dún náà, ní Downsview ní Toronto, nínú ilé bíríkì kan tí fèrèsé tiwa ò ga ju ilẹ̀ lọ. Tí mo bá jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá nìkan ni mo máa ń rí, mo sì mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn nípa bàtà wọn. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná wà lẹ́yìn ògiri yàrá mi. Á kùn, á gbọ̀n, á tún dákẹ́. Lókè orí wa, sálúbàtà Yàyá Sofía ni aago àárọ̀ wa. Tí wọ́n bá ti ń wọ́ ọ lọ sí ilé ìdáná, Mọ́mì á ní, "Màmá ti jí. Mojí, dìde." Bí a ò bá tètè gbọ́ ìró sálúbàtà náà, Mọ́mì á gbé ṣíbí sílẹ̀, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á máa tẹ́tí títí wọ́n á fi gbọ́ ọ. Ilé náà kì í ṣe agboolé, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń gbọ́ ìró ara wa gba inú àjà kọjá, kò jìnnà sí i.

Yàyá ni àwọn Gíríìkì ń pe ìyá àgbà, àwọn fúnra wọn ló sì ní kí n máa pe àwọn bẹ́ẹ̀. Opó ni wọ́n. Aṣọ dúdú ni wọ́n ń wọ̀ láti ọjọ́ tí ọkọ wọn ti kú, ó sì ti pẹ́ tí ọkọ náà ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, Kósta, ń gbé ní Vancouver, bàlúù ló máa ń wọ̀ wá kí wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àwọn ọmọ Kósta ò gbọ́ èdè ìyá bàbá wọn rárá. Èyí dun Yàyá, wọn ò sì fi pamọ́. Wọ́n á gbé fọ́tò àwọn ọmọ náà lé mi lọ́wọ́, wọ́n á ní, "Wọ́n rẹwà, àbí? Mi ò mọ ohun tí mo lè bá wọn sọ." Ẹ̀wà pẹlẹbẹ kéékèèké ni wọ́n fẹ́ràn láti máa sè, wọ́n á da òróró ólífì àti ọtí kíkan sí i, wọ́n á bu tiwa sínú abọ́, èmi ni n ó sì gbé abọ́ náà sọ̀ kalẹ̀. Mọ́mì kì í dá abọ́ padà lófìfo. Àkàrà ni wọ́n máa ń kó sí i, tàbí ìrẹsì jọ́lọ̀ọ̀fù. Ata á ta Yàyá, omi á máa jáde lójú wọn, wọ́n á sì jẹ ẹ́ tán.

Dádì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bolton. Wọ́n máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á padà wálé pẹ̀lú òórùn páálí lára aṣọ, oorun á sì gbé wọn lọ lórí àga kí wọ́n tó bọ́ bàtà tán. Ní ti Mọ́mì, tíṣà èdè Yorùbá ni wọ́n tẹ́lẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn. Ní Toronto, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Gíríìkì ni wọ́n ń gbá, tí wọ́n ń nù, tí wọ́n ń to àga sí. Yàyá ló bá wọn wá iṣẹ́ náà. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ilé tó jẹ́: tíṣà Yorùbá ló bí mi, èmi ò sì gbọ́ Yorùbá. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tí a dé Kánádà. Ọ̀rọ̀ ò tètè yọ lẹ́nu mi, obìnrin kan tó máa ń yẹ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọdé wò sì sọ fún àwọn òbí mi pé èdè méjì ló ń dà mí láàmú, kí wọ́n máa bá mi sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n gbà. Láti ìgbà náà, Yorùbá di ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ nígbà tí ilẹ̀kùn bá ti wà ní títì. Mo máa ń gbọ́ ohùn náà láti yàrá mi, kò yàtọ̀ létí mi sí ti ẹ̀rọ tó ń kùn lẹ́yìn ògiri.

Ilé ẹ̀kọ́ Gíríìkì wà nínú gbọ̀ngàn tó wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà, àwọn ọmọdé sì ń wá síbẹ̀ láràárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Iṣẹ́ Yàyá ni láti kí àwọn ìdílé káàbọ̀. Wọn kì í ṣe tíṣà, wọn kì í ṣe ọ̀gá, ẹnikẹ́ni ò sì fi wọ́n jẹ oyè kankan. Wọ́n kàn máa ń gbé tábìlì kékeré kan sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á tẹ́ aṣọ funfun sí i, wọ́n á gbé agolo bisikíìtì kan lé e pẹ̀lú ìwé tí orúkọ àwọn ọmọ wà, wọ́n á sì dúró. Wọn kì í jókòó. "Kalós írthate," ni wọ́n ń sọ fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé, ìyẹn ni ẹ káàbọ̀. Àwọn ọmọ á dá wọn lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, ojú á sì ti àwọn òbí wọn. Yàyá á ṣe bí ẹni tí kò kíyè sí i. Wọn kì í jẹ́ kí a ti ilẹ̀kùn títí ẹ̀kọ́ á fi bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní ìyá kan á ṣì máa wà lójú ọ̀nà tó ń bá ọmọ jà nítorí bàtà.

Ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ náà wọlé ní Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún náà, òjò ń rọ̀. Dádì wà níbi iṣẹ́, kò sí ẹni tí Mọ́mì lè fi mí sílẹ̀ fún, wọ́n sì mú mi dání. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ìwé kan. Mo ń wo Yàyá bí wọ́n ṣe dúró ti tábìlì wọn tí wọ́n ń wo ilẹ̀kùn. Àga tí Mọ́mì tò pọ̀ ju àwọn ọmọ tó wá lọ. Nígbà tó yá, Yàyá dẹ́kun wíwo ilẹ̀kùn, wọ́n yíjú sí mi.

"Kí ni ọmọ yìí ń ṣe níbẹ̀ yẹn?" ni wọ́n bi Mọ́mì.

"Ó ń dúró dè mí ni, Màmá. Kò ní yọ yín lẹ́nu."

"Àga wà nínú kíláàsì. Kí ló dé tó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn?"

Mọ́mì rẹ́rìn-ín. "Màmá, a kì í ṣe Gíríìkì."

"Mo mọ̀," ni Yàyá wí. Wọ́n mú bírò, wọ́n fi lẹ́tà tiwọn kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ ìwé wọn, wọ́n sì nawọ́ bisikíìtì kan sí mi. "Kalós írthate."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Nígbà tí Mọ́mì sọ ọ́ fún Dádì nídìí oúnjẹ alẹ́, Dádì dáwọ́ jíjẹ dúró. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ ọ́ nítorí mo wà níbẹ̀. "Gíríìkì? Ta ni á máa bá sọ ọ́?" Mọ́mì ní, "Ó sàn ju orí àtẹ̀gùn lọ, Dádì Mojí." Wọn ò tún sọ ju ìyẹn lọ. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ràn bí Yàyá ṣe máa ń pè mí wá sókè lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, tí a ó máa to ṣíbí sínú dúrọ́ọ̀, tí wọ́n ó máa dárúkọ nǹkan kọ̀ọ̀kan, tí èmi náà ó máa dárúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé a kì í fi ọ̀rọ̀ tí a fi ń bá ẹgbẹ́ ẹni sọ̀rọ̀ bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀, nítorí èdè wọn náà ní "ẹ" bíi tiwa. Inú èdè Gíríìkì ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀wọ̀ pe àgbà. Ọjọ́ Sátidé kan, mo gbójú sókè nínú kíláàsì, mo rí Mọ́mì lẹ́nu ilẹ̀kùn, igi ìnulẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, ẹnu wọn ń mì. Mo rò pé àwọn náà ń kọ́ ẹ̀kọ́ wa ni. Ní báyìí tí mo ti dàgbà ju bí Mọ́mì ṣe wà nígbà náà, mo mọ̀ pé tíṣà ló dúró síbẹ̀, mi ò sì gbà pé Gíríìkì ni wọ́n ń sọ lẹ́nu.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni a máa ń bá Màmá Ìkirè sọ̀rọ̀. Ìyá Dádì ni wọ́n, ní Ìkirè ni wọ́n sì ń gbé pẹ̀lú àbúrò Dádì, Àǹtí Bísí, tó ni fóònù. Dádì á jókòó sí etí ibùsùn, wọ́n á pè, ohùn Màmá á sì kún yàrá. Dádì ti kọ́ mi ní ohun mẹ́ta: "Ẹ káàsán, mà," "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," àti "Àmín." Tí Màmá bá ń bi mí ní nǹkan, n ó sọ ọ̀kan nínú wọn, n ó sì wo ojú Dádì. Dádì á gba fóònù. Wọ́n á bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì ohun tí mo fẹ́ sọ fún Màmá, n ó ní kí wọ́n sọ pé ara mi le. Dádì á wá sọ̀rọ̀ pẹ́, Màmá á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa gbàdúrà. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé "ara mi le" gùn tó bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá.

Nígbà tí yìnyín pọ̀ jù lọ lọ́dún náà, láàárọ̀ Sátidé kan, a ò gbọ́ sálúbàtà. Mọ́mì ń yí ògì lórí iná. Wọ́n dúró, wọ́n tẹ́tí. Wọ́n pa iná, wọ́n gun àtẹ̀gùn lọ, mo sì tẹ̀ lé wọn. Yàyá wà nílẹ̀ ilé ìdáná, ẹnu wọn ti yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kọfí ti dà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ojú wọn sì là sílẹ̀. Mọ́mì gbé orí wọn lé itan, wọ́n pe áńbúláǹsì. Nígbà tí ọkùnrin méjì tó wá pẹ̀lú ọkọ̀ náà dé, wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì bi Yàyá ní ìbéèrè, Gíríìkì nìkan ni Yàyá sì fi ń dáhùn. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti ń sọ láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ọmọge ti lọ, ó lọ pátápátá.

"Ta ló gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ?" ni ọ̀kan nínú wọn béèrè.

Mo ní èmi gbọ́ díẹ̀. Ó wo Mọ́mì, Mọ́mì sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá kúnlẹ̀ tì mí. "Bi wọ́n pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀."

Mo bi Yàyá. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n gbé kọfí kaná ni, pé apá àwọn ti sùn. Mo sọ ọ́ fún ọkùnrin náà, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Yàyá tún ń sọ nǹkan kan, ó ń wúwo lẹ́nu wọn, wọ́n ń sọ ọ́ léraléra. Ọkùnrin náà ní, "Ṣé ìrora ni wọ́n ń sọ?"

"Rárá," ni mo wí. "Wọ́n ní ta ni á ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọ."

Bí wọ́n ṣe gbé Yàyá lọ, Mọ́mì mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lórí ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì. A wọ kóòtù, a lọ. A gbé tábìlì sí ẹnu ọ̀nà, a tẹ́ aṣọ funfun sí i. Mọ́mì dúró sí ọ̀tún, mo dúró sí òsì. Àwọn ìdílé náà ń gbọn yìnyín kúrò lára bàtà, wọ́n ń wọlé, wọ́n sì ń wo ẹ̀yìn wa bóyá wọn ó rí Yàyá. "Kalós írthate," ni mo ń wí. Mọ́mì náà ń sọ ọ́, ó ń jáde lẹ́nu wọn pẹ̀lú ohùn Ìbàdàn. Bàbá kan bi mí ní Gíríìkì ibi tí Yàyá wà, mo sì fi Gíríìkì sọ fún un. Ó ṣí fìlà, ó dúró síbẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Ó ṣòro fún mi láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn: ọjọ́ tí obìnrin tó fẹ́ràn mi ṣubú tí kò tún dúró dáadáa mọ́, inú mi dùn, nítorí gbogbo èèyàn ń wò mí.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Dókítà sọ fún Kósta pé ohun tí mo túmọ̀ wúlò fún wọn, Kósta sì sọ ọ́ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ń fọwọ́ kàn mí lórí. Àlùfáà wọn fún mi ní ìwé kan. Dádì pàápàá rẹ́rìn-ín, nígbà tó sì di ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ròyìn rẹ̀ fún Màmá Ìkirè pẹ́ títí. Mo gbọ́ tí Màmá pariwo orúkọ mi. Mo ṣe "Àmín" níye ìgbà tí wọ́n ṣàdúrà.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè lẹ́yìn náà, mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé, Mọ́mì sì wà lókè, wọ́n ń tún yàrá Yàyá ṣe. Fóònù dún. Màmá Ìkirè ni. Wọn ò pè wá rí, àwa la máa ń pè wọ́n. Mo ní, "Ẹ káàsán, mà." Wọ́n dárúkọ mi, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ohùn wọn ò ga bíi ti ọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n ń rọra sọ̀rọ̀, wọ́n ń dúró láti mí èémí, wọ́n ń tún un sọ. Mo ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Mọ́mì lókè orí mi. Ìpè kan ṣoṣo ni ì bá gbà, Mọ́mì ì bá ti sọ̀ kalẹ̀. Mi ò pè wọ́n. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló ti kọjá tí mo di ọmọ tó gbọ́ èdè, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mi bí ọmọ tí kò gbọ́. Màmá béèrè nǹkan kan, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Wọ́n tún béèrè, ó jọ pé wọ́n fẹ́ kí ó dá wọn lójú, mo tún ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Wọ́n wá gbàdúrà, mo sì ṣe "Àmín." Nígbà tí Dádì dé, mo ní Màmá pè. Wọ́n bi mí pé kí ni Màmá wí. Mo ní wọ́n kàn kí wa ni. Ó ti rẹ Dádì. Wọ́n ní àwọn á pè wọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Dádì ń de okùn bàtà nígbà tí Àǹtí Bísí pè. Mo rí i tí ọwọ́ wọn dúró lórí okùn náà. Mọ́mì gba fóònù lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbọ́ pé Màmá Ìkirè ti kú, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti sunkún díẹ̀, Dádì yíjú sí mi. Wọ́n fi pẹ̀lẹ́ bi mí, ní Gẹ̀ẹ́sì, "Mojí, kí ni Màmá sọ fún ọ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"O ní wọ́n kí wa ni."

Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo ń sunkún. Mọ́mì fà mí mọ́ra, wọ́n ń sọ nǹkan sí mi létí, Yorùbá sì ni, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rántí tí wọ́n bá mi sọ ọ́. Dádì ò bínú. Wọ́n wọ bàtà wọn tán, wọ́n jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn títí di ọ̀sán, wọn ò lọ síbi iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ní àsìkò tí a máa ń pe Màmá, Dádì jókòó sí etí ibùsùn, wọn ò pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí n wá. "Èmi ni mo fà á," ni wọ́n wí. "Gbogbo ìgbà tí o bá ní kí n sọ pé ara rẹ le, mo máa ń sọ fún Màmá pé o ní àárò wọn ń sọ ọ́, pé o béèrè orúkọ ewúrẹ́ wọn, pé o ní o ń bọ̀ wá bá wọn gbé. Mo ní o gbọ́ Yorùbá dáadáa, ojú ló kàn ń tì ọ́ láti sọ ọ́. Mo fẹ́ kí inú wọn dùn. Ìyẹn ni wọ́n fi pè ọ́." Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Mo rò pé tí mo bá ti mọ ẹni tó fà á, ó yẹ kí ó fúyẹ́. Kò fúyẹ́.

Kósta gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó nítòsí rẹ̀ ní Vancouver, ó ta ilé náà, a sì kó lọ sí Bramalea. Ilé ẹ̀kọ́ Gíríìkì ò lò ju oṣù díẹ̀ lọ lẹ́yìn Yàyá kí wọ́n tó dà á pọ̀ mọ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn. Mi ò lọ mọ́. Èmi ni mo ní mi ò lọ, wọn ò sì bi mí nídìí. Láàárọ̀ Sátidé ní Bramalea, Mọ́mì á gbé ìwé Yorùbá kan sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n á ní, "Ó yá, Mojí." Mi ò fẹ́ kọ́ ọ nígbà náà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tuntun tí mo bá gbọ́, mo máa ń dúró, mo máa ń bi ara mi bóyá ó wà nínú ohun tí Màmá sọ. Ó pẹ́ kó tó jọ èdè lẹ́nu mi.

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà tí mo lọ sí Ìkirè. Àǹtí Bísí ti darúgbó. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ, mo ń bá wọn ṣa á. Mo bi wọ́n nípa ọjọ́ Wẹ́sìdeè náà. Wọ́n rántí rẹ̀ dáadáa.

"Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n jáde kí n fa ilẹ̀kùn mọ́ àwọn," ni wọ́n wí. "Nígbà tí mo wọlé, ara wọn ti balẹ̀. Wọ́n ní, 'Mo ti bá Mojí sọ ọ́. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun gbọ́.' Mo ní kí ni ẹ bá a sọ, Màmá? Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àárín àwọn àti ìwọ ni, pé nígbà tí o bá dàgbà tí o bá wálé, ìwọ ni wàá sọ ọ́ fún wa. Wọn ò tún dárúkọ rẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi lọ." Àǹtí Bísí gbé àtẹ náà kúrò lórí itan, wọ́n rọra sún mọ́ mi. "A ò fẹ́ kán ọ lójú. A ní o ṣì kéré. Kí ni wọ́n wí, Mojí?"

Yorùbá mi já gaara lọ́jọ́ náà, kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú ohun tí wọ́n sọ tí mi ò gbọ́. Mo fi Yorùbá náà dá wọn lóhùn pé mi ò mọ̀.